Bàbá Mi, Ẹ Hú Ìda Náà Kí Ẹ Tó Dáná Sun Oko

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi Àkànjí. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku, ẹ kú ìfaradà ọ̀fun tó ń dùn yín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbí ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, lórí sìmẹ́ńtì, Àǹtí Bísí sì ni ẹlẹ́rìí mi, nítorí òun ló ní kí n dìde kí òun lè gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Màmá mi, mo kí yín, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú sùúrù rẹ̀ pẹ̀lú. Àṣàbí àbúrò mi, o kú làálàá ilé. Bàbá Olùkọ́ ìjọ, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn yìí sí Bàbá létí lábẹ́ àtíbàbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ibì kankan. Bí Bàbá bá ní kí ẹ ṣí i sí ibi tí wọ́n ti ń sọ iye tí wọ́n ń ra kòkó, ẹ ní ó di ìgbà tí lẹ́tà yìí bá parí.

Bàbá, ẹ ó máa bi ara yín pé kí ló dé tí Ọláníyan fi gbé ọ̀rọ̀ ilé lọ sínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀yin náà lẹ fà á. Bí mo bá pe fóònù, ẹ ó ní kí Àṣàbí sọ pé ẹ wà lóko, èmi á sì máa gbọ́ ikọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá bá yín sọ̀rọ̀ lójúkojú, ẹ ó ní ọmọdé ni mí, pẹ̀lú gbogbo ewú tó wà lórí mi. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí Bàbá Olùkọ́ bá kà jáde látinú ìwé ìròyìn, ẹ máa ń mi orí sí i, ẹ ó sì ní òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ àwọn tó ni ìwé ìròyìn yìí. Èmi kò mọ̀wé, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àǹtí Bísí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló ń bá mi kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ fẹ́ fi bàbá mi ọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo ní rárá o, bí Bàbá bá gbọ́ ọ̀wọ́n, wọ́n á rò pé ẹlòmíràn ni mò ń bá wí.

Ara mi le. Iṣẹ́ ń lọ. Ọyẹ́ dára fún alágbàfọ̀ ní apá kan: aṣọ tí mo bá sá láàárọ̀ ti gbẹ kí oòrùn tó kàn wá lórí. Ní apá kejì ẹ̀wẹ̀, eruku á tún bà lé e, màá tún fọ̀ ọ́. Kò síná déédéé, áyọ́ọ̀nù oníèédú ni mo fi ń lọ gbogbo aṣọ àwọn oníbàárà mi, èéfín rẹ̀ sì ti mú kí ojú mi pọ́n bíi ti ẹni tó ń sunkún. Ẹni tó bá rí mi á ní, Bàbá Ìyanu, kí ló ṣe yín? Màá ní èédú ni. Lọ́jọ́ mìíràn èédú kọ́. Ẹ̀yin ni.

Kí àwọn tí kò mọ̀ wá tí wọ́n ń kà á lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Bàbá mi, àgbẹ̀ ni wọ́n ní abà kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Kókó kan yọ sí wọn lọ́rùn lábẹ́ àgbọ̀n. Wọ́n ní ewé ni àwọn máa fi lé e. Nígbà tí iyán bẹ̀rẹ̀ sí í há wọn lọ́fun ni Màmá sọkún títí wọ́n fi gbà láti wá bá mi ní Èkó. Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan fi iná wo ẹnu wọn, ó rí i pé orísun rẹ̀ wà ní ìdí ahọ́n, níbi tó jìn tí kò ṣeé fojú rí lásán. Ó gé bíńtín níbẹ̀, kò ju èso àgbàdo kan lọ. Ẹ̀jẹ̀ ya púpọ̀. Bàbá, ẹ tu ẹ̀jẹ̀ náà tán, ẹ fi ọwọ́ nu ẹnu, ẹ sì búra níwájú gbogbo nọ́ọ̀sì pé kò tún sí irin tó máa wọ ẹnu yín mọ́ títí ilẹ̀ á fi gbà yín.

Lẹ́yìn náà lẹ tún bi wọ́n pé níbo ni ẹran ara yín dà.

Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní ó ti wà ní yàrá àyẹ̀wò. Ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán kí wọ́n dá a padà. Wọ́n ní a kì í dá a padà. Ẹ ní ìwọ́ yín wà ní ìdí igi ìṣin létí oko, eyín tí ẹ ká nígbà ọmọdé wà lórí òrùlé bàbá yín, ìka ẹsẹ̀ tí àdá gé lọ ní ọdún kan, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sin ín, nítorí náà kò sí ohun tó máa mú yín fi ẹran ara yín sílẹ̀ fún àwọn ará Èkó. Ìgbà tí èsì jáde, tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, ẹ ò tilẹ̀ gbọ́. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò, ẹ na ẹsẹ̀ dí ọ̀nà, ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ kọjá kó máa fò yín. Ọ̀gá ibẹ̀ bẹ̀ yín. Ó ní wọ́n ti fi òògùn sí i, wọ́n ti rì í sínú ìda bíi ti àbẹ́là, kò jọ ẹran mọ́. Ẹ ní ẹ̀yin ò bèèrè bóyá ó jọ ẹran. Nígbà tó ṣe, ó rẹ̀ ẹ́, ó ní kí n wá tẹ ìka sí ìwé, ó sì gbé e fún wa: ègé ìda funfun kékeré nínú àpótí rọ́bà pélébé, bí ìdajì páálí ìṣáná. Ẹ dì í mọ́ igun aṣọ. Kí n tó dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ ti wọkọ̀ lọ sílé. Àṣàbí ló sọ fún mi pé ẹ fi í sínú agolo mílíìkì, ẹ sì sin ín sí ìdí igi ìṣin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ́ yín.

Mi ò bá yín jà nígbà náà, mi ò sì bá yín jà nísinsìnyí. Mo rò pé ìda náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Kò tíì parí. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí Àǹtí Bísí gbé kálámù.

Dókítà náà ránṣẹ́ pè mí. Ẹ rántí rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn, òun lẹ sọ fún pé ọmọ yín obìnrin kì í ki ọwọ́ bọ àgbà lẹ́nu. Ó ní kí n kí yín o, inú kò bí i. Ó ti tún wo àwọn dígí pélébé tí wọ́n tẹ́ ẹran náà lé fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́, bí kókó náà ṣe rí lójú dígí sì mú un ronú. Ó ní jẹjẹrẹ ọ̀fun àti ti ìdí ahọ́n kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Ọ̀kan wà tí tábà àti ọtí máa ń fà. Òmíràn wà tí fáírọ́ọ̀sì kan máa ń fà, ohun kékeré tí ojú kò lè rí, tó lè sùn sínú ara fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kó tó jí. Wọ́n jọra lójú, ọrùn kan náà ni wọ́n jọ ń wú, ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀. Èyí tí fáírọ́ọ̀sì fà kò wọ́pọ̀ púpọ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ́ràn sí ìtọ́jú ju èkejì lọ. Ó ní nínú àwọn tó bá gba ìtọ́jú, àwọn tó ní èyí ló sábà máa ń pẹ́ láyé jù. Ó sì fura pé òun ni tiyín.

Mo fò sókè lórí àga. Ó ní kí n jókòó, ìfura kò tó, àyẹ̀wò ló máa sọ. Ó ní wọ́n á fi ẹ̀rọ bó ìda yẹn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí dígí, wọ́n á da òògùn lé e. Òògùn náà, ohun kan ṣoṣo ló ń wá nínú ẹran ara, ohun tó máa ń pọ̀ níbi tí fáírọ́ọ̀sì yẹn bá ti ṣiṣẹ́. Bí ó bá pọ̀ níbẹ̀, ojú ibẹ̀ á di àwọ̀ ilẹ̀. Bí kò bá sí, kò ní gba àwọ̀ kankan. Èyí yé mi kíákíá, nítorí àbàwọ́n ni mo fi ń jẹun. Aṣọ funfun tí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ta sí lè mọ́ tónítóní lójú ẹni, títí ooru áyọ́ọ̀nù á fi kàn án, tí á sì pọ́n yọ síta. Oje náà ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó ku ohun tó máa pè é jáde ni.

Dókítà ní àbàwọ́n yẹn nìkan lè tan ènìyàn jẹ, nítorí náà wọ́n á tún wá ojú ẹsẹ̀ fáírọ́ọ̀sì náà gan-an. Wọ́n á sì wò ó bóyá àwọn ọmọ ogun ara yín ti wọ inú kókó náà lọ bá a jà, nítorí bí wọ́n bá pọ̀ níbẹ̀, àmì rere ni ìyẹn náà. Ó ní nínú gbogbo rẹ̀ ni òun ti máa mọ bí ọ̀nà yín ṣe rí níwájú, àti bí ìtọ́jú ṣe yẹ kó lágbára tó. Ó wá gbé fóònù, ó ní kí yàrá àyẹ̀wò gbé ìda Bàbá Àkànjí jáde. Wọ́n ní àwọn ẹbí ti gbé e lọ. Ó yíjú sí mi, ó ní ta ló gbé e? Mo ní ẹ̀yin ni. Ó ní níbo ló wà? Mo ní ó wà ní ìdí igi ìṣin.

Bàbá, obìnrin náà rò pé mò ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lérí. Lẹ́yìn náà òun gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní látọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun kò rí irú bàbá yìí rí. Mo ní èmi ti ń rí i látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ó bi mí bóyá ẹ sin ín ni àbí ẹ sun ún. Mo ní ẹ sin ín. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà, nítorí òun kò tíì lo ìda tó ti inú ilẹ̀ jáde rí, ṣùgbọ́n bí ó bá wà nínú agolo, tí kò yọ́, ó ṣeé ṣe kó ṣì dára. Iná àti ooru ni kò fẹ́. Mo ní iná ń bọ̀ níbẹ̀. Nítorí Àṣàbí ti sọ fún mi pé ẹ ti pa ààlà iná yí etí oko ká, pé ọjọ́ tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀ lẹ ń dúró dè kí ẹ dáná sun igbó apá ibi tí igi ìṣin wà. Ẹ̀yin náà mọ bí ilẹ̀ ṣe ń gbóná lẹ́yìn iná oko. Ẹ kì í sin nǹkan jìn, kò lè ju ibi tí ọwọ́ á wọlẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ lọ. Bí iná bá gba ibẹ̀ kọjá, ìda náà á yọ́, a ò sì ní rí nǹkan kan mú mọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó máa kù ni kí wọ́n tún gé yín ní ìdí ahọ́n.

Ẹ̀yin lẹ búra pé irin kò ní wọ ẹnu yín mọ́. Mo fara mọ́ ìbúra yẹn. Ẹ jẹ́ ká jọ pa á mọ́. Ẹ hú ìda náà.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ti sọ ọ́ fún Àṣàbí, ó sì ti sọ ọ́ fún mi: bí ẹni máa kú, ẹni máa kú, bí ẹni máa yè, ẹni máa yè, kí ni a ó fi mímọ̀ ṣe? Bàbá, ìgbà wo lẹ gbin ẹ̀bù iṣu láìfi èékánná ha á wò? Gbogbo ẹ̀bù tó wà nínú agbọ̀n lẹ máa ń gbé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó ha awọ rẹ̀ díẹ̀. Bí ibẹ̀ bá tutù tó funfun, ẹ ó gbìn ín. Bí ó bá dúdú, ẹ ó gé ibẹ̀ kúrò, ẹ ó fi eérú pa á, ẹ ó fún un ní ebè tirẹ̀. Ẹ fọ́ mi létí nígbà kan nítorí mo gbin agbọ̀n kan tán láìha á. Ohun tí dókítà yìí fẹ́ ṣe nìyẹn. Ó fẹ́ ha á wò kó tó mọ ebè tó yẹ ẹ́.

Mo tún gbọ́ pé ẹ ti dẹ́kun kíkí Bàbá Àyìnlá tí oko yín àti tiwọn jọ pààlà, nítorí àwọn kan ń sọ pé àwọn ló fi àìsàn yìí ṣe yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà máa kí wọn. Mo bi dókítà léèrè ibi tí fáírọ́ọ̀sì yìí ti ń wá, ó sì sọ ọ́ fún mi láìfi pamọ́: ara sí ara ló ń gbà rìn, láàárín tọkọtaya pẹ̀lú. Ó ní ó wọ́pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ àgbà ló ti gbé e rí láìmọ̀, tí ara wọn sì lé e lọ. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó wọlé tàbí ẹni tó mú un wá, kì í sì í ṣe ẹ̀rí ìwàkiwà. Nítorí náà, Màmá mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Bàbá, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ẹ má dáhùn. Ìyanu ọmọ-ọmọ yín ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọbìnrin kí fáírọ́ọ̀sì yìí má bàa fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ fún wọn lọ́jọ́ iwájú. Ó ní kí n sọ fún Bàbá àgbà pé òun gba tòun, òun kò sì sá lọ sóko.

Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín. Dókítà kò ṣe ìlérí. Ó ní áṣáà tí ẹ ń fà láti ìgbà èwe kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́, ó sì lè bu díẹ̀ kúrò nínú ìrètí náà bí àmì rẹ̀ tilẹ̀ dára. Àyẹ̀wò náà sì lè sọ pé irú kejì ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú ṣì wà, ìtànṣán tí wọ́n máa fi ẹ̀rọ tàn sí ọrùn, kò la ọ̀bẹ lọ, a ó sì jọ rìn ín. Ti owó, ẹ má fi dá ara yín lágara, ẹ má sì ta ilẹ̀ kankan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi alágbàfọ̀ ti ń dá nǹkan jọ, ìyá onílé wa náà ti mú tirẹ̀ wá, ó ní nítorí ewúro ni.

Ẹ rántí ewúro yẹn. Ẹ dé Èkó, ẹ ní ilé tí kò ní ewé kì í ṣe ilé, ẹ ha erùpẹ̀ ẹ̀bá gọ́tà sínú ike ọ̀dà, ẹ ri igi ewúro mẹ́ta mọ́ ọn lẹ́yìn ilé. Gbogbo àwa ayálégbé rẹ́rìn-ín yín. Ó ti ga ju ìlẹ̀kùn lọ báyìí. Gbogbo ilé ló ń já a. Ẹni tó bá já a á ní kí Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ́ fún wa. Èmi ni mò ń bomi rin ín láàárọ̀ kí n tó fọn iná sí èédú. Ẹní tí ẹ fi rọ́pò ibùsùn tí mo tẹ́ fún yín ṣì wà nílẹ̀ níbi tí ẹ tẹ́ ẹ sí. Ìyàwó mi fẹ́ ká a, mo ní kó fi í sílẹ̀. Ènìyàn lè wà láàárín èrò ọjà Tejuoso láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kó sì dé ilé, kó máa wo ẹní.

Bàbá, báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ má fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ, kí ọkọ́ má bàa fọ́ agolo. Ẹ fi igi ha ilẹ̀ náà, kí ẹ wá fi ọwọ́ kó o. Ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ẹ má gbé e sítòsí ààrò, ẹ má sì sá a sóòrùn. Ẹ wé e sínú ewé tútù, kí ẹ fi aṣọ wé ewé. Dókítà ní kí ẹnì kan tètè gbé e wọkọ̀ wá. Mo ní kò ṣeé ṣe. Mo ní bàbá mi kò fi ẹran ara wọn sílẹ̀ fún odidi ọsibítù, ṣé awakọ̀ ni wọ́n á wá fi í rán? Bí ó bá máa dé Èkó, ọwọ́ wọn ló máa wà. Ó wò mí, ó ní ohun tí òun náà ń gbàdúrà fún nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé e wá. Ẹ ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹ ó na ẹsẹ̀ dí ọ̀nà, ẹ ó sì máa ṣọ́ wọn bí wọ́n ti ń bó o. Mo ti bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ ọ́. Ó ní nígbà tí gbogbo àyẹ̀wò àti ìtọ́jú bá parí, tí dókítà kò bá nílò rẹ̀ mọ́, òun á dá ìyókù ìda náà padà fún yín, òun kò tún lágbára láti bá yín jiyàn.

Ọjọ́ náà, a ó jọ wọkọ̀ padà sílé. Èmi ni màá gbẹ́ ilẹ̀ ìdí igi ìṣin. Ẹ̀yin ẹ ó dúró tì mí, ẹ ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ ó sì máa sọ fún mi pé Èkó ti bà mí jẹ́, pé mi ò mọ ilẹ̀ gbẹ́ mọ́, pé kí n gbé e jìn sí i. Mo fẹ́ gbọ́ ọ, Bàbá. Ẹ wá jẹ́ kí n gbọ́ ọ.

Ọlọ́run á tu ọ̀fun yín lára. Iyán á padà máa gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará abà, láti orí àgbà títí dórí ìkókó, ẹ kí Bàbá Àyìnlá ní pàtàkì, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín kí wọn. Bàbá Olùkọ́, ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí. Bí ẹ bá gbójú sókè báyìí, tí Bàbá kò sí lórí àga wọn mọ́, ẹ má pariwo, ẹ wo apá ọ̀nà oko. Bí ẹ kò bá rí ọkọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń dúró dè yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúro,
Ọláníyan.